Grateful Dead àti àwọn Deadhead: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ olólùfẹ́ nígbà tí òkìkí olórin bá kàn káàkiri?

Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, ẹgbẹ́ olórin Dead & Company kọrin lórí pápá Polo Field, nínú ọgbà ìgbafẹ́ Golden Gate Park ní San Francisco, láti fi sàmì ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti dá Grateful Dead, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí àwọn kan nínú wọn ti jáde wá, sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí kì í ṣe ti àwọn ọlọ́lá rárá, lé ní 600 dọ́là. Lórí pápá yìí kan náà ni Grateful Dead ti kọrin ní ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 1967, níbi àpéjọ ńlá tí wọ́n pè ní Human Be-In. Ọ̀fẹ́ ni tọjọ́ náà.

Ọjọ́ méjì yìí ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà máa ń fi síwájú ara wọn tí wọ́n bá ń jiyàn. Àwọn kan ní owó ti gba ipò ìfẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà tí Jerry Garcia, onígìtá Grateful Dead, kú lọ́dún 1995 kò lè wá máa pe ara rẹ̀ ní ojúlówó olólùfẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń dá wọn lóhùn pé ta ló fún yín láṣẹ láti máa ṣọ́nà? Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1987 ni ìjà yìí ti wà nílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹgbẹ́ náà nígbà kan rí.

Ta ni wọ́n ń pè ní Deadhead?

Ọdún 1965 ni Grateful Dead bẹ̀rẹ̀, ní Palo Alto, ìpínlẹ̀ California. Jerry Garcia àti Bob Weir ń ta gìtá, Phil Lesh wà nídìí béèsì, Ron McKernan tí wọ́n ń pè ní Pigpen ń tẹ dùùrù, Bill Kreutzmann sì ń lu ìlù. Lọ́dún 1967, Mickey Hart dara pọ̀ mọ́ wọn, onílù wá di méjì.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ láàárín àwọn olórin rọ́ọ̀kì ni pé wọn kì í kọ orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Orin tó gùn tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àwo lè gba ogún ìṣẹ́jú lórí ìtàgé, torí ibi tí ohùn bá darí wọn sí ni wọ́n ń bá a lọ. Orin tí wọ́n kọ lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ó ṣeé ṣe kó má tún wáyé títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀gá jùjú ṣe máa ń fa orin kan láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́ lóde àríyá yóò tètè lóye ìdí tí àwo orin kò fi tó irú àwọn olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ìtàgé gan-an ni wọ́n fẹ́ wà. Nítorí náà, wọ́n ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà láti ìlú dé ìlú, àwọn mìíràn fún oṣù gbáko. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Deadhead.

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí wọn. Nínú páálí àwo tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1971, wọ́n kọ ìkéde kékeré kan tó ń ké sí àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n para pọ̀. Ó bi wọ́n pé ta lẹ jẹ́, ibo lẹ wà, báwo lẹ ṣe wà, ó sì ní kí wọ́n fi orúkọ àti àdírẹ́sì ránṣẹ́ kí àwọn lè máa fi ọ̀rọ̀ tó wọn létí. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Láti ìgbà náà ni àwọn tó fẹ́ràn orin kan náà láì mọ ara wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í di àwùjọ.

Kí ni wọ́n ń ṣe kí òkìkí tó dé?

Kásẹ́ẹ̀tì ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí eré alẹ́ kan kò jọ ti alẹ́ kejì, àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wọlé. Ẹgbẹ́ olórin tó pọ̀ jù lọ nígbà náà yóò gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Grateful Dead fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí àwọn agbohùnsílẹ̀ pọ̀ débi tí ẹ̀rọ wọn ti ń dí àwọn yòókù lójú, ẹgbẹ́ náà ya ààyè kan sọ́tọ̀ fún wọn lóṣù Kẹwàá ọdún 1984, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́tọ̀.

Àmọ́ òfin kan wà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ ọ́n: a kì í ta kásẹ́ẹ̀tì. Pàṣípààrọ̀ ni. Bí èmi bá ní eré tí wọ́n ṣe ní New York, tí ìwọ sì ní ti Chicago, a ó dà á kọ fún ara wa. Ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá yóò fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti owó ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́ sí àgbà kan, àgbà yẹn yóò sì bá a da orin sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tuntun nìyẹn: ó gba orin, ó gba ìtàn orin, ó sì gba ìwà tó rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ẹnì kan tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1974, Dead Relix, inú pàṣípààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yìí ló ti jáde, ó sì wà títí dòní lórúkọ Relix.

Ìta ibi eré náà ní ayé tirẹ̀. Níbi ìgbọ́kọ̀sí, ọjà máa ń so kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Shakedown Street, orúkọ àwo tí ẹgbẹ́ náà ṣe lọ́dún 1978. Àwọn Deadhead ń ta búrẹ́dì oníwàràkàṣì tí wọ́n yan lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń ta oúnjẹ tí kò lẹ́ran, wọ́n ń ta aṣọ tí wọ́n dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ìyẹn àdìrẹ tiwọn. Èrè wọn kò ju owó epo ọkọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ìlú tó kàn lọ. Ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì yóò na ìka kan sókè, yóò máa rìn káàkiri. Iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n ń pe tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí àjèjì bá fi lé e lọ́wọ́, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá, láti 1983 ni ẹgbẹ́ náà ti dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń tà á nípasẹ̀ lẹ́tà, kí àwọn tó ń tẹ̀lé wọn kiri má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń rà á jọ láti fi gówó lé e. Àwọn olólùfẹ́ ń ya òdòdó àti agbárí sára àpòòwé tí wọ́n fi ń béèrè, bóyá èyí lè mú kí ti wọn wu àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1987?

Lóṣù Keje ọdún 1986, àtọ̀gbẹ gbé Garcia dé ẹnu ọ̀nà ikú. Ó dákú fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì jí, ńṣe ló tún gìtá kọ́. Ó padà sórí ìtàgé pẹ̀lú Grateful Dead lóṣù Kejìlá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà gbé àwo In the Dark jáde, nínú rẹ̀ sì ni orin kan wà tí ń jẹ́ Touch of Grey, tó ń sọ̀rọ̀ ẹni tí irun rẹ̀ ti ń funfun àmọ́ tí yóò la gbogbo rẹ̀ já. Láti 1982 ni àwọn Deadhead ti ń gbọ́ orin yìí lórí ìtàgé. Lójú wọn, orin àtijọ́ ni.

Létí àwọn yòókù ní Amẹ́ríkà, tuntun ni. Ó gun orí àtẹ Billboard dé ipò 9. Láti ogún ọdún ó lé tí ẹgbẹ́ náà ti ń kọrin, orin wọn kankan kò tíì wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ rí, kò sì tún sí èyí tó wọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwo náà dé ipò 6. Tẹlifíṣọ̀n MTV ń gbé fídíò rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́, èyí tí wọ́n ti fi ọmọláńgidi eegun rọ́pò àwọn olórin. Ohun tó tún wá le ju fídíò náà lọ ni pé tẹlifíṣọ̀n gbé kámẹ́rà lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí, ó sì fi àríyá ibẹ̀ han gbogbo ayé. Lóṣù Keje yẹn kan náà, ẹgbẹ́ náà àti Bob Dylan jọ ṣeré mẹ́fà ní àwọn pápá ìṣeré ńláńlá.

Kò yẹ ká ṣì í gbọ́ o. Kí ọdún yẹn tó dé, ẹgbẹ́ yìí ti ń kún gbọ̀ngàn tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kì í tilẹ̀ ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí títóbi dá wọn lágara. Lọ́dún 1974, àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n ń rù kiri wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 75, owó rẹ̀ sì pọ̀ débi pé lóṣù Kẹwàá ọdún náà wọ́n pa ìrìnàjò tì, wọn ò sì padà sẹ́nu rẹ̀ títí di 1976. Ohun tí 1987 mú wá tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìyára. Àwọn tuntun ń wọlé ju iye tí àwọn àgbà lè kọ́ lọ.

Kí ló dé tí èrò púpọ̀ fi di wàhálà?

Ọ̀nà tí ọmọ tuntun gbà wọlé ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ ló ń fún èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ náà ló ń gbé e lọ wo eré àkọ́kọ́, òun náà ló ń sọ fún un pé a kì í da ìlú onílùú rú, pé a máa ń ṣa ìdọ̀tí wa kí a tó lọ. Ẹni tó ti inú tẹlifíṣọ̀n wá kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Àríyá ló rí, àríyá ló sì wá ṣe. Àwọn àgbà fún wọn lórúkọ kan tó ní ẹ̀gàn nínú: Touchhead, ìyẹn àwọn tí orin Touch of Grey kó wá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àyè. Gbọ̀ngàn kò tóbi sí i nígbà tí èrò ń pọ̀ sí i. Bí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún bá lè wọlé, tí àwọn tó wá sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìta ni ìyókù máa wà. Láìpẹ́, àwọn kan ń wá tí wọn ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò sì wá a, torí ọjà ìta ni eré tiwọn. Àwọn oníṣòwò tí kò fẹ́ràn orin náà rárá tẹ̀ lé wọn dé, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n kó láti ilé iṣẹ́ àti àgbá gáàsì tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúù fún àwọn tó fẹ́ kó yí àwọn lórí. Ìka tí wọ́n ń nà sókè fún iṣẹ́ ìyanu wá pọ̀ ju ọwọ́ tó lè fúnni lọ.

Àwọn ará ìlú ò sì lè fara dà á. Èèyàn ń sùn sórí koríko iwájú ilé wọn, wọ́n ń tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi eré tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣeré gbẹ̀yìn ní Red Rocks ní Colorado. Ọdún 1989 ni wọ́n ṣe ti Frost ní Stanford àti ti Greek Theatre ní Berkeley kẹ́yìn. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ibi kékeré tí èèyàn ti lè mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pàdánù, pápá ìṣeré tí àjèjì ti ń pàdé àjèjì ló kù. Ìṣòro náà wá ń bí ara rẹ̀.

Láti 1989, ẹgbẹ́ náà kéde pé kò sí ọjà títà mọ́ níta, kò sì sí pípa àgọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sáwọn olólùfẹ́, wọ́n bẹ̀ wọ́n lórí rédíò. Àwọn tí wọ́n ń bá wí kì í sábà ka lẹ́tà, àwọn tó ń ka lẹ́tà sì kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1989 yẹn náà ni Rebecca Adams, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní yunifásítì North Carolina tó wà ní Greensboro, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ̀lé ìrìnàjò náà kí wọ́n lè kọ́ nípa àwùjọ yìí lójú ara wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ẹgbẹ́ olólùfẹ́ lè jẹ́ àwùjọ gidi, tó ní àṣà, ipò àgbà àti ìtìjú tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìlú tó ń gbé.

Ipa wo ni òfin oògùn olóró kó nínú rẹ̀?

Ó kó ipa tó pọ̀, àwọn tó ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn orin nìkan sì máa ń fò ó dá. Oògùn LSD ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì lòdì sófin. Lọ́dún 1986, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fi ìwọ̀n oògùn díwọ̀n ọdún ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ kò lè dín kù: ẹni tí wọ́n bá ká gíráàmù kan LSD mọ́ lọ́wọ́ láti tà yóò lo ọdún márùn-ún, gíráàmù mẹ́wàá jẹ́ ọdún mẹ́wàá.

LSD fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n kankan. Orí bébà ni wọ́n máa ń kán an sí. Nínú ẹjọ́ Chapman tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá lọ́dún 1991, oògùn tí wọ́n ká mọ́ olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 50 lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bébà ó jẹ́ gíráàmù 5.7. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ka bébà mọ́ ọn. Ọ̀dọ́ tó bá wá kán oògùn rẹ̀ sórí ṣúgà onígun mẹ́rin yóò sì ṣẹ̀wọ̀n ju èyí tó lo bébà fẹ́lẹ́ lọ, torí ṣúgà wúwo. Lọ́dún 1993, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìdájọ́ yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ padà, àmọ́ iye ọdún tó kéré jù tí òfin 1986 là sílẹ̀ kò yẹ̀.

Ọlọ́pàá mọ ibi tí wọ́n ti lè rí èèyàn mú: ìgbọ́kọ̀sí ibi eré Grateful Dead. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Deadhead wọ ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gígùn láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Nínú àwùjọ náà, èyí ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Àlejò tó bá sún mọ́ni tó ń béèrè nǹkan, ta ló mọ̀ bóyá ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ni? Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gba tuntun mọ́ra tẹ́lẹ̀ wá di ọwọ́ tí wọ́n ń fà sẹ́yìn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Deer Creek?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sí. Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1995, ẹgbẹ́ náà wà ní Deer Creek, ìlú Noblesville ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ẹnì kan ti halẹ̀ pé òun yóò pa Garcia, nítorí náà wọn kò pa iná gbọ̀ngàn, àwọn ọlọ́pàá sì wà káàkiri. Bí eré ti ń lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ya lu ọgbà tó wà lẹ́yìn, wọ́n wó o lulẹ̀. Àwọn tó wà nínú ń pariwo yọ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bá wọn fà á. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Wọ́n fagi lé eré ọjọ́ kejì.

Ẹgbẹ́ náà kọ lẹ́tà tí kò jọ èyí tí wọ́n ti ń kọ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kó má wá, wọ́n ní bí irú èyí bá ń bá a lọ ìrìnàjò yóò dópin, wọ́n sì gbé ẹrù náà lé àwọn olólùfẹ́ gidi lórí pé àwọn ló gbọ́dọ̀ dá àwọn aṣebàjẹ́ lẹ́kun. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní àgọ́ kan nítòsí St. Louis níbi tí àwọn Deadhead ti sá fún òjò sábẹ́ òrùlé kan, òrùlé náà wó, ó sì ṣe nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn léṣe. Ní ọjọ́ 9, oṣù Keje, wọ́n ṣeré ní Soldier Field ní Chicago. Òun ni ìkẹyìn. Garcia kú ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ní ilé ìtọ́jú kan ní California. Ọmọ ọdún 53 ni.

Ta ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù?

Ìdáhùn kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Deadhead di ẹ̀bi ru àwọn Touchhead. Àwọn mìíràn láàárín wọn kò gbà: wọ́n ní àwọn tó fa ọgbà ya ní Deer Creek láti inú ní tíkẹ́ẹ̀tì, àti pé àwọn tó ń ta oògùn níta kì í ṣe ọmọ àná. Àwọn kan di í ru ẹgbẹ́ olórin náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n wà lára àwọn tó ń pa owó jù lọ lórí ìtàgé ní gbogbo Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń jẹun lábẹ́ wọn. Ìsinmi tí wọ́n ṣe ní 1974 kò ṣeé ṣe mọ́ nígbà tí owó oṣù èèyàn tó tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Garcia ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní olórí tó ń pàṣẹ bí èèyàn ṣe máa hùwà.

Ohun tó hàn nínú bí ọdún ṣe tẹ̀ léra ni pé kò sí ẹnì kan tó ní agbára láti dá a dúró. Àwọn àgbà ní ìmọ̀ ṣùgbọ́n wọn kò ní àṣẹ. Ẹgbẹ́ olórin ní àṣẹ, kò fẹ́ lò ó. Ọlọ́pàá lo tiwọn, ó sì ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́.

Ṣé ìdàgbà yìí kò mú ire kankan wá ni?

Ó mú un wá. Nítorí pé èrò pọ̀, àwọn tó jọra láàárín wọn rí ara wọn. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn Deadhead tó ti jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn dá Wharf Rats sílẹ̀. Wọ́n máa ń so bàlúù aláwọ̀ ìyeyè mọ́ tábìlì wọn, ẹni tó bá ń jà pẹ̀lú ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà yóò sì rí wọn ní àkókò ìsinmi láàárín eré. Àwọn adití náà ní ààyè tiwọn nítòsí ìtàgé, pẹ̀lú ògbufọ̀ tó ń fọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ orin. Wọ́n ń pe ara wọn ní Deafhead.

Ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Mickey Hart ti fẹ́ràn ìlù Babatunde Olatunji láti kékeré. Olatunji, ọmọ Ajido nítòsí Àgbádárìgì, ló ṣe àwo Drums of Passion tó mú ìlù wa dé ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà láti 1960. Lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun, ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1985, Hart ní kó wá ṣíde eré fún Grateful Dead ní Oakland. Àwọn èrò tó ń pọ̀ sí i yẹn ló wá gbọ́ ọ, iye tí kò ti ì kọjú sí i láti ọdún pípẹ́. Sikiru Adepoju, ọmọ Èrúwà tó kọ́ dùndún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, náà di ara àwọn tí Hart ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì wà nínú Planet Drum, àwo tó gba Grammy lọ́dún 1992, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ orin àgbáyé. Adepoju tún gba Grammy pẹ̀lú Hart lọ́dún 2009 fún Global Drum Project. Níbi ìgbọ́kọ̀sí, agbo onílù kò ṣàjèjì mọ́ láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Báwo ló ṣe wá di ohun tí à ń rí lónìí?

Lẹ́yìn ikú Garcia, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé ìrìnàjò kọjá sọ́dọ̀ Phish, ẹgbẹ́ kan láti Vermont, Shakedown Street sì bá wọn lọ. Láti 1997, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Dark Star Orchestra bẹ̀rẹ̀ sí í mú eré àtijọ́ kan ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tún kọ gbogbo orin rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló wá gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2005, ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré tí àwọn èèyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Archive.org ṣàdédé di títì, nípa àṣẹ àwọn tó ń darí ohun ìní ẹgbẹ́ náà. Àwọn olólùfẹ́ bínú, wọ́n halẹ̀ pé àwọn ò ní ra nǹkan kan mọ́. Phil Lesh sọ ní gbangba pé òun kò mọ̀ sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ṣí èyí tí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn gbà sílẹ̀ padà. Èyí tó ti ara ẹ̀rọ ẹgbẹ́ náà jáde di èyí tí wọ́n lè gbọ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kó lọ. Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn. Ọmọ ogún ọdún kan lónìí lè tẹtí sí eré tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Cornell ní ọjọ́ 8, oṣù Karùn-ún, ọdún 1977, láì kọ lẹ́tà sí àgbà kankan. Ó rí orin náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbà tó máa ń bá a wá ni kò sí.

Lọ́dún 2015, àwọn mẹ́rin tó kù padà sí Soldier Field fún eré ìdágbére, àpòòwé alárànbarà tún wọlé bíi ti àtijọ́, iye tí wọ́n béèrè sì ju tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ fíìfíì. Ọdún náà ni Weir, Hart àti Kreutzmann dá Dead & Company sílẹ̀ pẹ̀lú John Mayer, olórin tí àwọn ọ̀dọ́ ti mọ̀ fún orin ìfẹ́. Ìpele Touchhead tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun: àwọn kan wá nítorí Mayer, wọ́n sì dúró nítorí orin.

Kí ni àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí dá lé?

Àkọ́kọ́ ni owó. Tíkẹ́ẹ̀tì kò rí bíi ti 1983 mọ́. Ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, iye rẹ̀ sì ju ohun tí èrè búrẹ́dì oníwàràkàṣì lè san. Àwọn tó dúró lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà ní owó eré ti ga fún gbogbo olórin, àti pé ohùn àti iná òde òní kò ṣeé fi wé ti 1967.

Èkejì ni ìrìn. Lọ́dún 2024, Dead & Company ṣeré ọgbọ̀n nínú gbọ̀ngàn Sphere ní Las Vegas, wọ́n sì padà síbẹ̀ lọ́dún 2025. Olólùfẹ́ ló wá bá wọn níbẹ̀, kò tẹ̀lé wọn láti ìlú dé ìlú. Ọjà Shakedown pàápàá, inú hótẹ́ẹ̀lì kan nítòsí ni wọ́n to àtẹ rẹ̀ sí. Àwọn tó fẹ́ràn èyí ni àwọn tí orúnkún ti ń dùn, tí wọ́n fẹ́ àga tó rọ̀ àti bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, wọ́n sì pọ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n ti kọ́ ara wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ta ni yóò gbé e lọ síwájú? Phil Lesh kú ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ní ẹni ọdún 84. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ń lọ, orin náà ń bẹ ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń kọ ọ́ ní ilé ọtí àti gbọ̀ngàn káàkiri Amẹ́ríkà, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì kò ti wọ́n tí àgbà àti ọmọdé sì lè dúró ti ara wọn. Àwọn kan gbà pé irú ibi kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni àṣà Deadhead yóò ti máa wà. Àwọn kejì ní láìsí orúkọ ńlá àti pápá ńlá, àwọn ọ̀dọ́ kò ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láti wá wò ó.